Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ìyá Aáyán

Nígbà tí obìnrin tó ń ṣèwádìí nípa ẹyẹ fi Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹranko sílẹ̀ tó lọ ń ta ọ̀dà, àwọn ọkùnrin ẹ̀ka náà ní àìnísùúrù ló ń dà á láàmú. Nígbà tí èyí tó mọ tinú-tẹ̀yìn eṣúṣú palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ tó lọ ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí i pé ó fẹ́ràn mọ́tò. Nígbà tí ẹni kẹta, tó jẹ́ pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń bá ṣiṣẹ́, lọ dá ilé-iṣẹ́ yúgọ́ọ̀tì sílẹ̀ tí ara rẹ̀ wá ń dán, wọn kò sọ nǹkan kan, torí pé yúgọ́ọ̀tì rẹ̀ ni gbogbo wọn ń lá.

Obìnrin kan ṣoṣo ló wá kù. Ìyá Aáyán ni gbogbo yunifásítì náà ń pè é, torí pé aáyán ló fi ṣe iṣẹ́ ṣe, aáyán ló ń tọ́jú, aáyán ló sì ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá rí i bó ṣe máa ń gbé ọ̀kan nínú wọn sórí ìka, tó ń yẹ ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí rẹ̀ wò bí ìyá tó ń yẹ etí ọmọ wò kó tó lọ sílé ìwé, yóò mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ohun tó ń wá kò ju èyí lọ: kí ló dé tí aáyán fi máa ń fi àpótí dáadáa sílẹ̀? Àpótí tó ṣókùnkùn, tó móoru, tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀, tí ihò kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún èyí tó bá fẹ́ jáde, kí ló ń lé wọn jáde níbẹ̀? Látìgbà tó ti wọ ẹ̀ka náà ló ti ń bá ìbéèrè yìí yí, kò sì tíì rí ìdáhùn. Ìyá tó bí i máa ń bi í lórí fóònù pé, "Ọmọ mi, ṣé aáyán tí mò ń fi bàtà pa nílé yìí náà ni wọ́n ń sanwó fún ọ kí o máa tọ́jú?" Á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì." Ìyá rẹ̀ á ní, "Ó dáa. Má jẹ́ kí wọ́n fura."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí àwọn aláṣẹ àgbà fi bi Olórí Ẹ̀ka pé kí ló dé tí obìnrin kì í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Olórí Ẹ̀ka jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, tí kì í sì í ṣe ohunkóhun láìgbé ìgbìmọ̀ dìde. Nígbà kan tí òrùlé ń jò sí i lórí, ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ gbé dìde kó tó sún àga rẹ̀. Ó tún gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí èyí, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe alága. Ó fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pọ̀lọ́ sí i, ẹni tó ti wo ọ̀pọ̀lọ́ títí ojú òun náà fi yọ síta díẹ̀. Ó fi Bàbá Oníṣirò sí i, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí o bá sọ fún un pé òjò rọ̀, á bi ọ́ pé ẹ̀kán mélòó. Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ló bá fi Ìyá Aáyán ṣe akọ̀wé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Ìyá Aáyán wí, "iṣẹ́ pọ̀ níwájú mi. Ìparí sáà yìí ni wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀ tàbí wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Mi ò sì tíì rí àbájáde kankan tí mo lè gbé síwájú wọn."

"A mọ̀," ni Olórí Ẹ̀ka dáhùn. "Ìwọ nìkan lo dúró tì wá. Yàtọ̀ síyẹn, ìwọ lo mọ ibi tí bísíkíìtì wà."

Òótọ́ ni pé òun ló mọ ibi tí bísíkíìtì wà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́ ni ẹnì kan bi í pé níbo ni ife wà. Òun náà, tó jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí kò mọ ibi kankan, wá ife náà kàn. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ife, tíì, ṣúgà àti bísíkíìtì di ti rẹ̀, bíi pé wọ́n wà nínú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjókòó gan-an ni hítà yàrá aáyán dákẹ́. Yàrá náà wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, fèrèsé rẹ̀ kan kì í sì í pa dé tán. Otútù ìgbà náà kì í ṣe kékeré. Hítà náà wú ikọ́, ó rùn bí eruku tó ń jóná, ó sì kú. Bí otútù ṣe wọlé, àwọn aáyán ká ẹsẹ̀ jọ, wọ́n jókòó sójú kan bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de dókítà. Wọn kò jáde, wọn kò wọlé, wọn kò tilẹ̀ mi ìwo. Aáyán tí kò sì kúrò lójú kan kò lè sọ ìdí tí aáyán fi ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí hítà, kò sí àbájáde. Bí kò bá sí àbájáde, kò síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yàrá ìpàdé òkè ní tirẹ̀ móoru débi pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pọ̀lọ́ ní láti bọ́ kóòtù. Ìyá Aáyán bu tíì fún wọn, ó gbé bísíkíìtì kalẹ̀, ó mú gègé, ó sì ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ó ro ẹjọ́ hítà.

"Ṣé hítà lásán?" ni Olórí Ẹ̀ka wí. "A máa pe ẹni tó máa tún un ṣe lónìí." Ó ti ń nawọ́ sí fóònù kí Bàbá Oníṣirò tó wú ikọ́.

"Ẹ ní sùúrù, alága. Obìnrin mélòó la ní?"

"Ẹyọ kan."

"Ohun tí wọ́n ní ká wádìí ni ìdí tí obìnrin fi ń lọ. Òun nìkan sì la lè wò. Bí a bá tún hítà ṣe fún un, tó wá dúró, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ì bá ti lọ? A ti ba ìwádìí jẹ́ nìyẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pọ̀lọ́ mi orí. "Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni," ó ní. "Ejò gbé ọ̀pọ̀lọ́ kan mì níṣojú mi rí, ọ̀pọ̀lọ́ tí mo ti ń wò láti kékeré. Mi ò ta pútú. Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n mi ò ta pútú."

Gbogbo wọn wá kọjú sí Ìyá Aáyán. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú rèé: lára ilẹ̀kùn yàrá aáyán, òun fúnra rẹ̀ ló lẹ bébà kan mọ́ ọn tó kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé, OHUN TÍ O BÁ Ń WÒ, MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Òun ló ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ó ti fìdí ọmọ kan rẹmi rí nítorí pé ọmọ náà fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí aáyán. Ó la ẹnu láti jà, ohùn kan nínú orí rẹ̀ ló ń sọ pé, òótọ́ kúkú ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀kọ́ ìwé lè ba tèèyàn jẹ́, ẹ gbọ́ mi. Ó tẹrí ba, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé ìgbìmọ̀ ti pinnu láti má ṣe fọwọ́ kan òun.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí i mọ́. Wọ́n ní ìkíni lè mú orí rẹ̀ wú kó wá dúró, ìkíni tí kò dáa sì lè bí i nínú kó lọ. Bó bá kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pọ̀lọ́ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà," ọ̀jọ̀gbọ́n á gbójú sókè, á máa wo àjà. Olórí Ẹ̀ka kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ire ni wọ́n ti tọ́ ọ, kò lè gbọ́ ẹ káàárọ̀ kó má dáhùn, nítorí náà bó bá ti rí i lókèèrè, á sá wọ ilẹ̀kùn tó bá sún mọ́ ọn. Ó wọ ibi ìkó-ìgbálẹ̀-sí lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú garawa títí obìnrin náà fi kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pọ̀lọ́ gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sẹ́yìn ìkòkò òdòdó kan, ó fi awò tí ó ń sún ohun tó jìnnà mọ́ni sójú, ó sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Òdòdó náà kéré, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì sanra. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Aáyán bá sín ló ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Tíì ńkọ́?" ni obìnrin náà béèrè ní ìpàdé kejì, pẹ̀lú ìrètí díẹ̀. "Ṣé kí n dá a dúró, níwọ̀n ìgbà tí kálukú ò ti gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnì kejì?"

"Rárá o," ni Bàbá Oníṣirò dáhùn. "Tíì ti wà kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá dá a dúró, ìwọ gan-an lo ba ìwádìí jẹ́ yẹn. Jọ̀ọ́, ṣúgà díẹ̀ sí i."

Nígbà tó délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Iṣẹ́ títún fíríìjì àti fáànù ṣe ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kún fún ẹ̀yìn fíríìjì. Kì í ṣe alárìíwísí, ṣùgbọ́n ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Hítà?" ó ní. "Gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí, hítà ló wá dá yín dúró? Mo ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́la."

Ó sì wá lóòótọ́, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká. Bó ṣe fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá aáyán ni òdòdó mì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pọ̀lọ́ sì yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ forí jì mí sà," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ta lẹ jẹ́ nínú ìwádìí yìí?"

"Ọkọ rẹ̀ ni mí."

Èyí kó ìdààmú bá wọn. Ìgbìmọ̀ péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ara wọn. Olórí Ẹ̀ka ní ọkọ wà lára ohun tí obìnrin ń bá gbé, kí wọ́n jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Oníṣirò ní, "Ọkọ nílé, mo gbà. Ọkọ tó gbé irinṣẹ́ dání, rárá. Irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ti wá láti òde." Wọ́n dìbò, ọkọ fìdí rẹmi.

Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. "Wọ́n ní àwọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí ni," ó ní.

"Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn ọ́? Hítà ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn."

Ṣùgbọ́n ó mọ bí ìyàwó òun ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ náà tó, kò fẹ́ fa wàhálà sí i lọ́rùn. Ó gbé àpò rẹ̀. Kò tíì dé ìdí àtẹ̀gùn tí Olórí Ẹ̀ka fi sáré tẹ̀ lé e. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà níbí náà. Fíríìjì yàrá tíì ń pariwo, yúgọ́ọ̀tì wa ò sì tutù mọ́." Ẹ̀yin náà ẹ wo irú ojú bẹ́ẹ̀. Ọkọ Ìyá Aáyán dúró, ó wò ó tìyanu-tìyanu, ó sì lọ tún fíríìjì náà ṣe, torí ọmọlúàbí ni.

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Aáyán wọ egungun. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdérí àpótí tó tutù, ó sì sunkún díẹ̀. Àwọn aáyán kò mira. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tún sín.

Nígbà tó nu ojú tán ni ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Yàrá kan ṣoṣo ló móoru nílé yẹn, yàrá ìpàdé ni. Kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé akọ̀wé kò gbọdọ̀ gbé ẹrù dání. Nígbà tí ìpàdé tó tẹ̀ lé e pé, ó gbé àpótí aáyán méjì wọlé pẹ̀lú tíì. Ó ti ọ̀kan sábẹ́ àga rẹ̀. Kò sí àyè fún èkejì nílẹ̀, ló bá gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bísíkíìtì.

Ooru dé ara àwọn aáyán. Ìwo kan mì, òmíràn mì, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na. Ọwọ́ Bàbá Oníṣirò kò sì lè sinmi níbi tí ohun kíkà bá wà. Ó rọra ṣí ìdérí àpótí orí tábìlì, ó ka àwọn tó wà nínú rẹ̀, ó sì dé e. Kò pẹ́, ó ṣiyèméjì, ó tún ṣí i. Iye tó bá nínú rẹ̀ ti dín. Ó fajú ro, ó dé e, ó tún ṣí i. Bó ṣe ń ṣí i ni wọ́n ń gba ihò ẹ̀gbẹ́ yọ, ọ̀kan sídìí ṣúgà, ọ̀kan sínú fìlà Olórí Ẹ̀ka, ọ̀kan sí apá aṣọ oníṣirò fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pọ̀lọ́, tí ejò gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì níṣojú rẹ̀ tí kò ta pútú, ti wà lórí àga, ó ká sòkòtò sókè. Olórí Ẹ̀ka dábàá pé kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kékeré dìde.

Ìyá Aáyán kò gbọ́ wọn. Ó ti kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ń gba ihò ẹ̀gbẹ́ wo inú àpótí tó wà lábẹ́ àga. Gbogbo aáyán ibẹ̀ pé. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹun, ara wọn yá, kò sì sí èyí tó gba ihò náà jáde. Irú àpótí kan náà ni, ooru kan náà, oúnjẹ kan náà. Ohun tó yàtọ̀ kò ju pé ẹnikẹ́ni kò ṣí ìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Aáyán kò sá fún àpótí rí. Ìdérí tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́ láti wò bóyá wọ́n ti lọ, òun ni wọ́n ń sá fún. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣí i.

Nígbà tó dìde tó ṣàlàyé fún wọn, inú wọn dùn dénú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pọ̀lọ́ láti orí àga.

"Mo ní láti tún un ṣe léraléra kí àwọn tó máa pinnu ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi tó lè gbà á," ni Ìyá Aáyán wí. Ojú rẹ̀ ń dán. "Àyè ṣì wà kí sáà tó parí. Hítà nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún hítà náà ṣe."

"A máa tún un ṣe," ni Olórí Ẹ̀ka wí. "Bí ìwádìí wa bá ti parí báyìí."

"Ìgbà wo ló máa parí, sà?"

Olórí Ẹ̀ka wo Bàbá Oníṣirò. Bàbá Oníṣirò ń yọ aáyán lápá aṣọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kán. "Ìgbà tí o bá lọ," ó ní. Ohùn tútù ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ ìgbà tí oúnjẹ máa jinná. "Báwo la ṣe fẹ́ mọ ìdí tí obìnrin fi ń lọ, nígbà tí obìnrin ò tíì lọ?"

Ìyá Aáyán wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí ìkà níbẹ̀ rárá, èyí ló sì dùn ún jù. Ì bá rọrùn láti bá ìkà jà. Ó jókòó, ó kọ èyí náà sínú àkọsílẹ̀, torí òun ni akọ̀wé, ó sì dé gègé. Ó kó àwọn aáyán rẹ̀ jọ, láti inú ṣúgà, láti inú fìlà, títí wọ́n fi pé. Ó bu tíì tó kù sínú ife wọn, torí ẹni tí wọ́n kọ́ níwà ni. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí méjèèjì sápá.

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, sà."

"Ó dáa," ni Olórí Ẹ̀ka wí. "Ṣé a máa rí ọ ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pọ̀lọ́ tẹ̀ lé e dé géètì pẹ̀lú awò rẹ̀, ó ń fara pamọ́ láti ẹ̀yìn mọ́tò kan dé èkejì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin náà dúró ní géètì, pé ó wẹ̀yìn, pé ó pẹ́ níbi tó dúró sí. Òótọ́ ni, ó wẹ̀yìn. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ láti juwọ́ sí i, ó rántí ìwádìí, ó sì ti ọwọ́ náà bọ àpò.

Ìyá Aáyán gbé àpótí rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, sẹ́yìn àwọn fíríìjì níbi tó máa ń móoru. Ó da aṣọ bò wọ́n, kò sì ṣí wọn.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ó gbé àpò irinṣẹ́ sílẹ̀.

"Yunifásítì ni wọ́n pè mí sí," ó ní.

"Nítorí kí ni?"

"Hítà yẹn. Wọ́n ní ìwádìí ti parí, wọ́n sì fẹ́ kó ọ̀pọ̀lọ́ síbẹ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Wáyà kan ló tú. Tíì tí wọ́n bù fún mi ò tíì tutù tí mo fi ṣe é tán. Tíì ọ̀hún ò tilẹ̀ ní ṣúgà, wọn ò mọ ibi tó wà."

"Ṣé ó wá móoru?"

"Ó móoru dáadáa." Ọkọ rẹ̀ fà á mọ́ra. "Ọ̀gá yín tẹ̀ lé mi dé ìta. Ó ní kí n jọ̀ọ́, ṣé mo mọ ìdí tí o fi lọ, àwọn ò rí nǹkan kan kọ."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní mi ò lè dá sí i, kí n má baà ba ìwádìí wọn jẹ́."

Ìyá Aáyán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà tán, omi náà kò tán, ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í.